Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Wíwo Ilé Ahoro, Ilé Ìwé àti Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ ní Àwọn Abà Wa

Ó pẹ́ tí mo ti ń rin àwọn abà kòkó láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó, tí mò ń ya àwòrán àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́, tí mo sì ń gba ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìwọ̀nyí. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i, àti fún ẹni tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóko bàbá rẹ̀ tí kò tíì padà débẹ̀.

Kí ló dé tí ilé tó ṣófo fi pọ̀ tó báyìí lóko?

Kòkó ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Apá Èkó àti Agége ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbìn ín ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó tó wọ igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ á kọ́kọ́ pa àgọ́, lẹ́yìn náà á mọ ilé amọ̀. Ọdún tí kòkó bá tà, á fi páànù bò ó, á sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹni tí owó bá wọlé fún dáadáa á gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kalẹ̀ sáàárín igbó, tòun ti òpó róbótó níwájú ilé, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú wọ Èkó.

Ohun tó sọ wọ́n dahoro ni pé àwọn ọmọ ò padà wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 400,000 ní 1954. Ọdún kejì, wọ́n ti lé ní 800,000. Ọmọ tó bá ka ìwé tán kò ní padà sídìí àdá mọ́, bàbá rẹ̀ gan-an ò sì fẹ́ kó padà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì tún kó àwọn tó kù lọ sí Èkó. Igi kòkó darúgbó, àwọn tó gbìn ín náà darúgbó. Àwọn baba wa ló ní àgbà ò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé kú, ilé dahoro.

Ti ibòmíràn yàtọ̀. Ogun ló tú Ọ̀yọ́ Ilé ká láàárín 1830 sí 1840, ogun ló run Ìjàyè ní 1862. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 náà sọ ọ̀pọ̀ abà di igbó. Tí ẹ bá dé irú ibẹ̀ yẹn, ẹ ṣọ́ ẹnu yín, nítorí pé àwọn tó sá kúrò ńbẹ̀ ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nínú wọn. Láwọn ibì kan, ọ̀nà títì ló yà gba ibòmíràn tí àwọn ará abà sì kó tẹ̀lé e.

Ta ló ni ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀?

Ẹni tó ni ín wà. Ní gbogbo ibi tí mo ti rìn, n kò tíì rí ilé kan tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ohun tó ń mú un wó gan-an lè jẹ́ pé àwọn tó ni ín pọ̀ jù. Ilé ẹbí ni. Ẹnì kan ò lè dá tà á, ẹnì kan ò sì fẹ́ dá náwó sórí ohun tí gbogbo ọmọ bàbá jọ ni. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 gbé ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹ dé abà kí ẹ wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á wò yín tìyanu-tìyanu. Olórí ẹbí ni wọ́n mọ̀.

Ti ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí kan ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìjọ ló kọ́lé, ìjọba sì gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ẹni mẹ́ta ló lè wí pé tòun ni. Nítorí náà, kí ẹnì kan sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa bi yín kò tó láti wọlé.

Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa gbàyè?

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Tí abà náà bá ti túká pátápátá, Baálẹ̀ abà tó sún mọ́ ọn á mọ ẹbí tó ni ín. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ sọ orúkọ yín, ìlú yín àti ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Obì àti owó ọtí kò pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ kó tó di pé wọ́n bi yín, ìyẹn ni pé ẹ kò wá ra ilẹ̀. Àjèjì tó gbé kámẹ́rà dúró níwájú ilé ẹbí, ajagungbalẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí, tàbí ẹni tí apá kan nínú ẹbí rán wá láti wọn ilẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹjọ́ wà lórí ilé náà, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀ kí ẹ máa lọ. Àwòrán yín lè di ohun tí wọ́n fi ń jà.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó máa mú yín débẹ̀, ọdẹ ló dára jù. Àwọn tó ti máa ń mú mi lọ kì í wọ ilé ahoro láìkágò. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní "Àgò onílé o!", wọ́n á sì dúró díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni fún àwọn tó sùn síbẹ̀, ó sì ń ta alágbàṣe tàbí darandaran tó ń fi ilé náà ṣe ibùsùn lólobó, kí ó má bàa rò pé wọ́n wá ká òun mọ́ ni.

Ẹ wo ilẹ̀kùn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Mo rí ààlè kan lẹ́bàá Oǹdó: ìdajì bàtà rọ́bà, ìkarahun ìgbín méjì, ìgbálẹ̀ tó ti jẹ kù, okùn kan náà ni wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ilé náà ò lórùlé mọ́, igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n okùn ààlè yẹn ṣì tuntun. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó. A ò wọlé.

Ṣé òótọ́ ni pé sàréè wà nínú ilé?

Òótọ́ ni. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú àgbà sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìjọba òyìnbó bá a jà títí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó dín kù ní oko. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbé sókè láàárín pálọ̀, ojú oórì ni. Ọ̀pọ̀ wà tí kò ní àmì kankan, ilẹ̀ kàn rì síbẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ má tẹ ibi tó bá rì, ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀ ilé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yọ ìgò kan tó yọrí.

Ṣé ẹ kì í bẹ̀rù iwin?

N kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ibi tí màrìwò bá wà, tàbí tí pẹ́rẹ́gún bá tò yí ibì kan ká láìsí ilé níbẹ̀, n kì í wọ̀ ọ́ títí ẹni tó ni ibẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ibi kan lọ́wọ̀, ẹ bá a ní in lọ́wọ̀, yálà Kìrìsítẹ́nì ni yín tàbí Mùsùlùmí.

Ewu wo ló wà níbẹ̀ gan-an?

Ògiri ni àkọ́kọ́. Bí páànù bá ti ṣí, òjò á máa wọ orí ògiri amọ̀ láti òkè, á sì máa ta sí ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìdí ògiri: bó bá ti jẹ wọnú tó fi jẹ́ pé òkè rẹ̀ nípọn ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo igun ilé náà. Bí ó bá ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ògiri méjèèjì ti já ara wọn sílẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí òjò ń rọ̀ nìkan ló máa ń wó. Amọ̀ tó mu omi a máa wúwo sí i, ó lè jẹ́ lẹ́yìn tí òjò dá tí oòrùn sì yọ ni yóò tó dá lulẹ̀.

Ẹ má gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo mọ̀ pé òkè ni gbogbo ènìyàn fẹ́ dé, ibẹ̀ ni fèrèsé tó dára jù wà, ṣùgbọ́n inú igi ni ikán ti ń jẹ ẹ́. Ojú pákó á dán, inú rẹ̀ á ti di ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ lórí ìtí igi ló burú jù, nítorí ẹ kò ní rí igi náà rárá.

Ejò fẹ́ràn ibi tí èkúté wà. Sèbé, ọká àti paramọ́lẹ̀ la máa ń bá pàdé jù. Ẹ fi ọ̀pá lu ilẹ̀ níwájú yín, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ páànù tó wó lulẹ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú rẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tó ní aporó ejò. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, nítorí náà ẹ ti bèèrè kí ẹ tó kúrò nílé.

Èkúté fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ti di ohun tó ń dààmú ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ni kòkòrò rẹ̀ wà. Ẹ má gbálẹ̀ ilé ahoro, ẹ má gbọn ẹní tàbí aṣọ tó wà níbẹ̀, ẹ má jẹun nínú rẹ̀, kí ẹ sì bo imú. Ibi tí àdán bá pọ̀ sí lókè àjà tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti gun ilẹ̀, ẹ yàgò fún un. Eruku rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kànga ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà, koríko á ti bò ó, pákó tí wọ́n fi dé e á ti jẹrà. Ẹ bi ẹni tó mú yín wá pé níbo ni wọ́n ti ń pọnmi nígbà náà kí ẹ tó yí ẹ̀yìnkùlé ká.

Ewu ènìyàn náà wà. Àwọn ajínigbé ń lo igbó, kò sí bí a ṣe lè fi í pamọ́. Ẹ má dá lọ, ẹ má sọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ lórí Facebook, ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn agbègbè náà mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti jáde kí oòrùn tó rẹlẹ̀.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ, kí ni kí n sì mú dání?

Ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ògiri ti gbẹ, koríko ti rẹlẹ̀, ọ̀nà ṣe é rìn. Bàtà òjò tó ga, ṣòkòtò tó nípọn, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, tọ́ọ̀ṣì, omi, ọ̀pá. Owó kékeré fún ẹni tó bá mú yín lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ?

Ẹ gbójú sókè níwájú ilé. Àwọn bíríkìlà ìgbà yẹn fẹ́ràn láti fi sìmẹ́ǹtì kọ ọdún sí iwájú orí ilé, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ onílé. Bí kò bá sí, ẹ wo ara ògiri nínú yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí. Èédú tàbí ẹfun ni wọ́n fi ń ṣírò níbẹ̀: ilà mẹ́rin tí a fa ìkarùn-ún gba àárín wọn kọjá, orúkọ alágbàṣe, iye tó gbà. Bí owó náà bá jẹ́ pọ́n-ùn, ṣílè àti tọ́rọ́, wọ́n ti kọ ọ́ ṣáájú oṣù kìn-ín-ní 1973 tí náírà àti kọ́bọ̀ dé. Igi tún ń sọ̀rọ̀. Obì, orógbó, àgbálùmọ̀ àti máńgòrò tó tò létí ilé kì í ṣàdédé hù síbẹ̀. Akòko lè jẹ́ àmì pé olóyè kan gbé ibẹ̀ rí. Odán ńlá tó dá dúró lè jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ná ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ló mọ̀ ọ́n jù, bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń bi í. Ẹ má bi ìyá àgbà pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà lórí oyè nígbà náà, ṣé ogun Hitler ti jà, ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé, ṣé wọ́n ti bí yín lọ́jọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 1947 nìyẹn, ẹni tó bá sì ti gbọ́n díẹ̀ nígbà náà kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki oríkì onílé. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì panu mọ́. Nínú oríkì ni ẹ ó ti gbọ́ ibi tí bàbá náà ti wá, iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó gbin kòkó, àti ìdí tó fi kọ́lé náà tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa lọ sí abà kan láyé yín, ẹ lo àkókò púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ ilé náà ju inú ilé náà lọ. Ilé lè dúró fún ogún ọdún sí i. Ìyá àgbà kò lè ṣèlérí ìyẹn.

Kí ni kí n máa wò nínú ilé ìwé?

Láwọn abà kékeré, ilé kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú àti ilé ìwé láti Ajé dé Ẹtì, nítorí náà ẹ lè rí pátákó àti pẹpẹ nínú ilé kan ṣoṣo. Pátákó náà lè má jẹ́ pákó rárá, ara ògiri ni wọ́n kùn ní dúdú. Ẹ wá agogo: irin ojú ọ̀nà rélùwéè tàbí ríìmù mọ́tò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi níwájú ilé, pẹ̀lú irin kékeré tí wọ́n fi ń lù ú. Nítòsí Ifẹ̀, mo bá ilé ìwé kan tí olè ti ṣí gbogbo páànù rẹ̀ lọ, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ ṣì wà lójú pátákó lábẹ́ ìbòji igi: ọjọ́, iye ọmọkùnrin, iye ọmọbìnrin, àròpọ̀. Tíṣà kan ló kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ má gbé e. Ẹ sọ fún ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti Baálẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

Ẹ má tètè pè é ní ahoro. Ọ̀pọ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí i, nígbà ìkórè tàbí Kérésìmesì, tí àwọn ọmọ abà á ti Èkó àti Ìbàdàn dé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá àti àbẹ́là tó ṣẹ́kù lórí pẹpẹ á sọ fún yín. Òkúta ìpìlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ìsàlẹ̀ ògiri iwájú ló sábà máa ń wà. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ sì ṣí fìlà.

Ṣé mo lè mú nǹkan kékeré bọ̀ láti fi ṣe ìrántí?

Rárá. Àwo tánganran, àmù, ìgò ọtí, ìwé orin, ohunkóhun. Ti ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tilẹ̀ tún lófin nínú: òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ tàbí kó wọn jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ọgbà ìjọba, ọ́fíìsì wọn tó wà nílùú Ọ̀yọ́ ni ẹ ó ti gba àyè kí ẹ tó wọ ibẹ̀.

Ṣé mo lè gbé àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bí àwọn tó ni ín bá gbà. Ẹ pa ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn lórí fóònù yín kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ má dárúkọ abà náà gan-an, ẹ má sì fi ojú oórì hàn. Àwọn tó ń ṣí páànù àti àwọn tó ń yọ ilẹ̀kùn ìrókò náà ń wo àwòrán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹbí náà. N kò tíì rí ẹbí kan tí inú wọn ò dùn sí i.

London ni mo wà, mo fẹ́ wá abà bàbá bàbá mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lórí fóònù, lọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí. Ẹ béèrè orúkọ abà, orúkọ ìlú tí abà náà ń sìn, àti ìjọ tí wọ́n ń lọ. Bí Áńgílíkà ni wọ́n, ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Ti Mẹ́tọ́díìsì wà ní yunifásítì SOAS ní London níbẹ̀. Ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìlú náà láìwọ ọkọ̀ òfúrufú. Nílé, ibi ìkówèépamọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé CMS àti ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa àwọn ìlú. Ìwé ìrìbọmi ṣì lè wà lọ́wọ́ ìjọ ìlú tó bí ìjọ abà náà.

A fẹ́ tún ilé bàbá wa ṣe kó má bàa wó. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìpàdé ẹbí ni àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀: ẹni tó ń náwó, àti pé owó tó ná kò sọ ilé di tirẹ̀ nìkan. Láìsí ìwé yìí, ìjà ni ẹ máa fi òrùlé tuntun bò. Ẹ má retí pé ìjọba á bá yín dá a sí. Ilé Fernandez tí a tún ń pè ní Ìlọ́jọ Bar ní Èkó, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Lẹ́yìn náà ni òrùlé, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí owó ò bá tíì tó fún òrùlé tó péye, ẹ fi páànù àlòkù bo orí ògiri nìkan, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré yí ilé ká kí omi máa rí ibi lọ, ẹ gé igi odán tó bá ti fi gbòǹgbò wọ ara ògiri, ẹ má fà á tu. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà lọ́tun: omi á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á máa rọ̀ nínú, ọdún díẹ̀ sí i sìmẹ́ǹtì á ṣí kúrò tòun ti ara ògiri. Amọ̀ ni wọ́n fi ń dí amọ̀. Ẹ ṣe èyí tó jẹ mọ́ orí ògiri àti kòtò kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Ìyókù lè dúró de ìgbà tí owó bá dé.